Ta Ni Bàbá Tó Jókòó Sídìí Òfì Yìí?

Nígbà tí bàbá wa àgbà papò dà ní Ìsẹ́yìn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún àwa ọmọ-ọmọ: ká wá fọ́tò tí wọ́n máa lò sára pósítà ìsìnkú. Ẹ̀rín pa wá nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Kí ló tún rọrùn ju ìyẹn lọ? Bàbá yìí lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún nídìí òfì. Ojú wa báyìí ni àwọn onífọ́tò fi ń wá láti Ìbàdàn, láti Èkó, láti ìlú òyìnbó. Wọ́n á kí bàbá, wọ́n á gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ má wo ibí o, ẹ ṣáà máa báṣẹ́ yín lọ." Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún máa ju ọ̀kọ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni pé kò sẹ́ni níwájú wọn.

A wá fọ́tò yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹyọ kan nílé. Nínú gbogbo àwọn tó wá yà wọ́n, kò sí ẹnì kan tó padà mú fọ́tò wá fún wọn. Èyí tí a rí níkẹyìn, ìsàlẹ̀ àpótí ìyá wa àgbà ló wà, wọ́n fi aṣọ wé e. Sítúdíò ni bàbá ti yà á, nígbà tí ara wọn ṣì le. Dúdú àti funfun ni. Bàbá jókòó sórí àga, wọ́n kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, agbádá wọn tẹ́ rẹrẹ lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún. Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì fajú ro. Òun la lò. Nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwọn àgbà tó ń kọjá ń dúró, wọ́n ń ní, "Òun gan-an rèé."

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìsìnkú kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹbí tó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Bàbá ni! Orí ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta fọ́tò ló ti rí wọn. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń yọ lẹ́yìn wọn, òwú tó wà lójú òfì ń dán bí okùn góòlù, orí bàbá tẹ̀ síwájú, ọwọ́ wọn nìkan ló hàn kedere. Iye owó wà lábẹ́ rẹ̀ ní dọ́là. Àkọlé tí wọ́n fún un, tí a bá túmọ̀ rẹ̀, kò ju báyìí lọ: ọkùnrin ilẹ̀ Áfíríkà kan ń hun aṣọ ní abúlé.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní abúlé o. Ìsẹ́yìn tí Asẹ́yìn wà láàfin, tí àwọn oníṣòwò ń ti Ìbàdàn àti Èkó wá ra aṣọ ìgbéyàwó!

Fọ́tò méjì, bàbá kan ṣoṣo. Ọ̀kan bá wa sin bàbá, èkejì ń tà lọ́jà tí a ò mọ ẹni tó ń ná an. Ohun tó mú wa kọ àròkọ yìí ni pé a fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ìkejì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ: fọ́tò ìkejì yẹn kì í ṣe fọ́tò burúkú. Ẹni tó yà á mọṣẹ́. Kò fi bàbá ṣe ẹlẹ́yà, kò sọ wọ́n di alágbe, kò wá eṣinṣin kà sí wọn lójú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa rí i tí wọ́n máa ní ó bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa. Ìdí nìyẹn tó fi tó ohun tí à ń jiyàn lé lórí. Tó bá jẹ́ fọ́tò ìtìjú ni, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ àròkọ. Èébú nìkan ti tó o.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá mọ Ìsẹ́yìn á fẹ́ béèrè pé aṣọ wo ni bàbá ń hun. Ṣé ẹtù ni, tó dúdú bí aró tí ìlà funfun tín-ín-rín sì là á? Ṣé àlàárì pupa ni? Ṣé sányán ni, tí wọ́n ń fi òwú inú ilé kòkòrò inú igbó hun láyé àtijọ́? Fọ́tò yẹn ò sọ. Oòrùn ti sọ gbogbo òwú di àwọ̀ kan náà. Òwú tó ta gbọọrọ síwájú òfì ní ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ bàtà, tí wọ́n di ẹrù òkúta mọ́ nídìí kó lè le, onífọ́tò ti gé e kúrò. Bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń fi han ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ló kù. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń jókòó sí òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà ò sí níbẹ̀. Ilé òfì kì í dákẹ́; rédíò ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń jiyàn bọ́ọ̀lù, oníbàárà ń pe fóònù pé ọjọ́ ìyàwó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Nínú fọ́tò yẹn, bàbá dá wà bí ẹni pé òun nìkan ló kù láyé. Àwọn àgbà ló wí pé àlejò lójú, kò fi ríran.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Òkè-Ògùn nìkan, kì í sì í ṣe ti Áfíríkà nìkan. Ní ọdún 1936, Dorothea Lange ya obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní Nipomo, ní California, nígbà tí ìyà ń jẹ àwọn alágbàṣe oko ní Amẹ́ríkà. Fọ́tò náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká káàkiri ayé. Lange fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé òun ò béèrè orúkọ obìnrin náà. Ọdún 1978 ni ayé tó mọ̀ pé Florence Owens Thompson ni, òun náà sì sọ ọ́ jáde pé inú òun ò dùn sí ohun tí wọ́n fi òun ṣe. Ọdún méjìlélógójì ni gbogbo ayé fi ń wo ojú rẹ̀ tí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń wò.

Tiwa wá burú ju ìyẹn lọ. Láti ìgbà ogun Biafra, ní ọdún 1968, tí fọ́tò àwọn ọmọ tí ebi ti jẹ egungun wọn jáde ti gba ojú ìwé ìròyìn Yúróòpù, ni irú ojú kan ti di ohun tí wọ́n mọ ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Àánú ló mú wọn yà á, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì lè ti tipa rẹ̀ là. A ò ní parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti Kevin Carter. Oṣù kẹta ọdún 1993 ni New York Times gbé fọ́tò rẹ̀ jáde: ọmọ kan tó wó lulẹ̀ ní ilẹ̀ Sudan, ẹyẹ igún sì ń wò ó lẹ́yìn. Ó gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 1994. Gbogbo ayé ní ọmọbìnrin ni. Ọdún 2011 ni àwọn oníròyìn láti Spéènì tó dé ọ̀dọ̀ bàbá ọmọ náà, bàbá sì ní ọmọkùnrin ni, àti pé ó yè bọ́ nínú ìyàn yẹn. Ọdún méjìdínlógún! Ọmọ tí gbogbo ayé sunkún lé lórí, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé báyìí, nítorí ìdáhùn tí à ń wá kò jìnnà. Ìgbó-Ọrà wà ní Ìbàràpá, ní gúúsù Òkè-Ògùn wa níbí, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà. Ìlú àwọn ìbejì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Nylander ṣèwádìí níbẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970, ó sì rí i pé nínú 1,000 ìbímọ, bíi 45 ló ń jẹ́ ìbejì. Àwọn ará ìlú ní àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa ló fà á. Ìlú tí àlejò ti ń gbé kámẹ́rà àti ìwé wá láti ìgbà pípẹ́ ni, ìyẹn ló sì jẹ́ ká rí ọ̀nà méjì tí wọ́n ti gbà wò ó.

Ọ̀nà kìíní ni ti Stephen Sprague, ayàwòrán kan láti Amẹ́ríkà. Sprague ya fọ́tò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbà á lọ́kàn jù ni fọ́tò tí àwọn Yorùbá ń ya fún ara wọn. Ó wọ sítúdíò àwọn onífọ́tò wa ní Ìgbó-Ọrà, ní Ìlá Ọ̀ràngún àti níbòmíràn, ó bi wọ́n léèrè iṣẹ́, ó wo fọ́tò tó wà lára ògiri ilé àwọn èèyàn. Ní ọdún 1978, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn African Arts. Ó ṣàkíyèsí pé fọ́tò àgbà nílẹ̀ Yorùbá ní òfin. Ẹni tí wọ́n ń yà máa ń jókòó, gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ á hàn, á kọjú sí kámẹ́rà tààrà, kò ní yí ẹ̀gbẹ́ bíi ti àwọn òyìnbó ayé ọjọ́un. Á wọ aṣọ tó dára jù tó ní, á jẹ́ kó tẹ́. Ọwọ́ á wà lórí itan tàbí orúnkún. Ojú á tutù.

Ṣé ẹ ti rí bàbá wa nínú àpèjúwe yẹn? Àwa rí wọn. A ti rò pé onífọ́tò Ìsẹ́yìn kan ló kàn sọ fún bàbá pé kí wọ́n jókòó dáadáa. A ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni, pé ẹni tó yà wọ́n àti bàbá fúnra wọn jọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Sprague so èyí pọ̀ mọ́ iṣẹ́ Robert Farris Thompson, ẹni tó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn Yorùbá tẹ́lẹ̀ ohun tó ń mú kí ère dára. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Thompson gbọ́ lẹ́nu wọn, tó sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1973, kò ṣàjèjì sí wa. Jíjọra: kí ère jọ èèyàn, àmọ́ kó má jọ ọ́ jù. Ìfarahàn: kí gbogbo ẹ̀yà ara hàn, kí ojú jẹ́ ojú, kí ọwọ́ jẹ́ ọwọ́. Ọ̀dọ́: kí ère àgbàlagbà pàápàá fi èèyàn hàn nígbà tí agbára rẹ̀ pé, kó má ṣe ka gbogbo hunjọ tó wà lójú rẹ̀. Ẹ fi òfin mẹ́ta yìí wọn fọ́tò orí ìkànnì yẹn wò. Ó jọ bàbá, ó jọ wọ́n jù gan-an, hunjọ ọwọ́ wọn ṣeé kà. Ìfarahàn ńkọ́? Ojú ò hàn. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú gan-an ni wọ́n ní kí bàbá gbé kúrò. "Ẹ má wo ibí o, Bàbá." Ọ̀rọ̀ yẹn tí à ń gbọ́ lọ́jọ́ náà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, òun gan-an ló fa gbogbo rẹ̀. Sítúdíò ní kí wọ́n wòran. Àlejò ní kí wọ́n di ìran.

Ohun kan tún wà nínú ohun tí Sprague kọ tí a ò lè gbàgbé. Tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá á mú èyí tó kù lọ sí sítúdíò. Onífọ́tò á ya ọmọ kan ṣoṣo, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sójú ìwé kan náà, kí Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jọ jókòó pọ̀. Tó bá jẹ́ akọ kan abo kan ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ akọ fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ abo fún un, wọ́n á tún yà á. Àwọn kan ń lo fọ́tò yìí níbi tí ère ìbejì wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo bí onífọ́tò ṣe di nínú ọ̀rọ̀ náà tó. Ó mọ ẹni tó kú, ó mọ ẹni tó kù, ó mọ ohun tí ìyá máa ṣe sí fọ́tò náà tó bá délé.

Ọ̀nà kejì ni ti Bénédicte Kurzen, ọmọ Faransé, àti Sanne De Wilde, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù. Obìnrin méjèèjì ni wọ́n jọ ya àkójọ fọ́tò tí wọ́n pè ní Land of Ibeji. Ìgbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n lò. Ní ọdún 2019, ó gba ipò kìíní ní World Press Photo, ní ẹ̀ka ìtàn aláwòrán ojú ènìyàn. Wọ́n lo awẹ́ gíláàsì aláwọ̀ méjì níwájú kámẹ́rà àti ìmọ́lẹ̀ láti fi sọ nípa nǹkan méjì-méjì: Táíwò àti Kẹ́hìndé, ẹni tó ń yà àti ẹni tí wọ́n ń yà, ohun tí ojú ń rí àti ohun tí ojú ò rí.

Ní tòótọ́, a fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Kò sí ẹkún níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí àwọn ìbejì dúró bí ẹni tó mọ iyì ara wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n wo kámẹ́rà. Wọ́n ti ṣe ohun tí ẹni tó ya bàbá wa kò ṣe. Ẹni tó bá ní fọ́tò yìí kò bọ̀wọ̀ fúnni, a ò ní gbà fún un.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń wò ó sí i ni nǹkan kan ń ṣe wá ní kọ́ńkọ́. Àwọ̀ yẹn gba ìlú mọ́ wa lọ́wọ́. Níbo ni erùpẹ̀ pupa Ìbàràpá wà? Níbo ni ọjà wà, ọ̀kadà, iléèwé? Ìbejì ní Ìgbó-Ọrà kì í ṣe ohun àràmàǹdà. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà fún ẹ ni, ẹni tó jẹ ẹ́ lówó tí kò san ni, ẹni tí ẹ jọ kọ ìdánwò WAEC ni. Kò sẹ́ni tí kì í yìn ín, àmọ́ kò sẹ́ni tí ẹnu ń yà sí i. Nínú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ yẹn, wọ́n di ẹni àlá. Ọ̀rọ̀ tó sì bá àkójọ náà rìn sọ nípa ibi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún ìbejì, ó tún sọ nípa ibi tí wọ́n ti ń kà wọ́n sí ibi. Òtítọ́ ni méjèèjì. Àmọ́ abẹ́ orúkọ "ilẹ̀ ìbejì", tí ọ̀rọ̀ ìbejì fúnra rẹ̀ jẹ́ tiwa, òǹwòran tó wà ní Amsterdam á rò pé ìlú kan náà ló ń ṣe méjèèjì.

Ẹ wá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò sítúdíò tó tẹ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni méjèèjì. Kò sí èyí tó jẹ́ òtítọ́ lásán nínú wọn. Onífọ́tò Ìgbó-Ọrà náà "parọ́", torí ọmọ kan ló wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, a ò lè sọ pé ẹ̀sùn wa ni pé àwọn òyìnbó lo àwọ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló béèrè fún ọgbọ́n náà. Ìyá ọmọ ló béèrè fún ti àkọ́kọ́, òun ló sanwó, òun ló gbé e lọ sílé. Èkejì, àwọn tó yà á ló ronú rẹ̀, orí ògiri ibi àfihàn ló sì ń lọ. Ọ̀wọ̀ wà nínú méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan nìkan ló ní oníbàárà tó lè dá a padà pé, "Èyí ò jọ ọmọ mi."

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe jẹun, nítorí náà ohun tí a kọ́kọ́ ṣe sí fọ́tò bàbá tó wà lórí ìkànnì ni pé a tú fáìlì rẹ̀ wò. Láti ọdún 1995 ni àwọn ará Japan ti ṣe ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní EXIF, tí kámẹ́rà fi ń kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ìdí fọ́tò: irú kámẹ́rà, ọjọ́, wákàtí, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà á pàápàá bí wọ́n bá gbà á láyè. Ìlànà mìíràn tún wà tí àwọn oníròyìn ń lò, IPTC, èyí tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún. Ó ní àyè fún orúkọ ẹni tó yà á, ó sì ní àyè ọ̀tọ̀ fún orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò. A rí gbogbo rẹ̀. A rí orúkọ onífọ́tò, a rí orúkọ lẹ́ńsì, a rí i pé ìṣẹ́jú àáyá kan pín sí 200 ni ìmọ́lẹ̀ fi wọlé. Àyè orúkọ bàbá ṣófo. Kì í ṣe pé àyè ò sí o. Àyè wà, kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí i.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán fúnra wọn lóde òní, inú irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́. Àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní LAION-5B, tó jáde ní ọdún 2022, ní àwòrán àti àkọlé tó tó bílíọ̀nù 5.85 tí wọ́n ṣà jọ látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àkọlé bá sọ ni ẹ̀rọ gbà. A ní kí ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ya ahunṣọ Yorùbá kan fún wa. Ó gbé bàbá arúgbó kan wá, ẹsẹ̀ òfìfo, ahéré tí wọ́n fi koríko bo orí wà lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀. Ní Ìsẹ́yìn tí páànù ti bo gbogbo òrùlé! Ṣebí fọ́tò tí wọ́n kọ "abúlé" sí lábẹ́ ló bí èyí.

Bí ọkàn wa ṣe gbóná nìyẹn. A pinnu pé a máa kọ̀wé sí ìkànnì náà kí wọ́n fi orúkọ bàbá sí i: orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, oríkì wọn, orúkọ agbo ilé. A kọ lẹ́tà náà tán, a wá kà á fún ìyá wa àgbà kí a tó fi ránṣẹ́. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀yin ọmọ mi. Àmọ́ ẹ má gbé orúkọ ọkọ mi fún wọn."

Ó yà wá lẹ́nu. A ní, "Ìyá, àìfi orúkọ sí i gan-an ló ń dùn wá o."

Wọ́n ní, "Ẹni tí kò béèrè nígbà tí olórúkọ wà láàyè, kí ló fẹ́ fi ṣe nísinsìnyí? Orúkọ ọkọ mi wà lẹ́nu mi. Ó wà lára pósítà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kà á."

Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí orúkọ bàbá nínú àròkọ yìí. Ó ṣe wá bíi pé a ń ta ko ara wa, torí ohun tí à ń bá ọmọlẹ́yìn kámẹ́rà jà lé lórí ni àwa náà ṣe yìí. Àmọ́ bí a ṣe ń rò ó la rí i pé ìyá ti rí ibi tí àwa ò rí. A ti sọ orúkọ di fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbọ́dọ̀ kún, bí ẹni pé tí àyè náà bá ti kún, ọ̀wọ̀ ti délẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ló yẹ ká wò kí a tó gbé orúkọ jáde. Ẹni tó béèrè tí wọ́n sì ní kó má kọ ọ́, ó bọ̀wọ̀ ju ẹni tó jí orúkọ kọ lọ. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ onífọ́tò ni pé kó jókòó, kó bá èèyàn sọ̀rọ̀ tó fi máa mọ èyí tí ó fẹ́. Bàbá wa ì bá sọ orúkọ wọn fún ẹnikẹ́ni tó bá bi wọ́n, wọ́n ì bá fi oríkì kún un. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ni.

Kí a má baà jẹ́ ẹni tó ń wo èérí ojú ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká sọ tiwa náà. Nígbà tí a tú fóònù wa wò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá, a rí fọ́tò tí a yà ní Ṣakí ní ọjọ́ ọjà kan: ìyá Fúlàní kan tó gbé igbá wàrà rù, a yà á látinú ọkọ̀, ó ń kọjá lọ. Fọ́tò náà dára gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn ló tẹ ọkàn sí i nígbà tí a gbé e síta. A ò mọ orúkọ rẹ̀. A ò ra wàrà rẹ̀ pàápàá. Àwa tí à ń bínú sí àlejò, a ti di àlejò fún ará ilé wa tó ń sọ èdè mìíràn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn, kò sì sí èyí tí a ò ti lè rí ọmọ tó ní fóònù oníkámẹ́rà. Láti ọdún 2012 ni Peter DiCampo àti Austin Merrill ti bẹ̀rẹ̀ Everyday Africa, tí àwọn ọmọ Áfíríkà pẹ̀lú fi ń gbé ìgbé-ayé ojoojúmọ́ síta. Ohun dáadáa ni. Àmọ́ pé a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí nìkan ò sọ pé a mọ̀ ọ́n wò.

A ti yọ fọ́tò ìyá oníwàrà kúrò níta. Bí a bá tún dé Ṣakí, a máa wá a lọ́jà. Bí a bá rí i, a máa tẹ fọ́tò náà sórí ìwé gidi, a máa gbé e fún un, a máa bi í bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ní kò jọ òun, a máa tún òmíràn yà, bó bá fẹ́ jókòó, kó wọ aṣọ tó wù ú, kó sì wò wá lójú.

Ti bàbá tó wà lórí ìkànnì ṣì ń tà. A kọ lẹ́tà mìíràn, a ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "abúlé" kúrò, kí wọ́n kọ Ìsẹ́yìn sí i. Wọ́n ní kí a mú ẹ̀rí wá pé àwa la ni ẹni tó wà nínú rẹ̀. A ò tíì mọ irú ẹ̀rí tí èèyàn ń mú wá pé òun ló ni bàbá òun. Fọ́tò sítúdíò nìkan la ní, ìyá sì ti wé e padà sínú aṣọ. Ẹtù ni aṣọ náà, bàbá ló hun ún.